Ìlù dùn, owó ò wá: èsì fún ọmọ Ìbàdàn kan tó ń lu gángan níwájú hóòlù

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìbàdàn ni mò ń gbé, ọmọ ọdún 23 ni mí, gángan ni mò ń lù, àmọ́ wọn ò bí mi sílé onílù. Ó ti tó ọdún kan témi àti ọ̀rẹ́ mi ti ń lọ dúró síwájú hóòlù lọ́jọ́ Sátidé, gángan làwa méjèèjì ń lù, a máa lù ú títí apá á fi máa ro wá, ₦3,000 tàbí ₦4,000 la máa ń gbé wálé. Àwọn bàbá kan wà níbẹ̀ tí ìlù wọn ò dùn tó tiwa, àwọn ló ń kówó lọ. Bàbá mi ní agbe ni mò ń ṣe. Ọ̀rẹ́ mi ní ká kọjá sí Èkó ká lọ máa lù nínú gosùlóò. Wọ́n tún ní ìjọba ti ń mú àwọn tó ń náwó lóde, pé wọ́n lè kó wa mọ́ wọn. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn."

Àbúrò mi, o ṣeun tó o béèrè. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin lo dì pọ̀ síbẹ̀, àmọ́ èyí tó ń dùn ẹ́ jù, bí mo ṣe gbọ́ ọ, ni pé ẹ̀yin lẹ mọ ìlù lù, àwọn bàbá yẹn ló ń kówó. Mo gbà ẹ́ gbọ́. Ó ṣeé ṣe kí ìlù yín dùn ju tiwọn lọ lóòótọ́. Nígbà témi náà wà lọ́jọ́ orí ẹ, ọwọ́ mi yá ju ti ọ̀gá tó kọ́ mi lọ, gbogbo èèyàn ló mọ̀, òun náà mọ̀. Àmọ́ tá a bá dé òde, màá lù títí òógùn á fi bò mí, ọ̀gá á kàn rọra fi kọ̀ǹgọ́ kan ìlù bí ẹ̀ẹ̀mẹ́rin, ẹni tó jókòó á dìde, á máa tọwọ́ bọ àpò. Ó tó ọdún mẹ́rin kó tó yé mi. Mo rò pé oògùn ló ń lò, mo tiẹ̀ bi í léèrè. Ó ní oògùn kọ́, ó ní ìwọ ń lu ìlù fún wọn, èmi ń pè wọ́n lórúkọ.

Ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ owó yìí wà. Ẹni tó wá sóde ò wá gbọ́ ìlù, DJ wà níbẹ̀, sípíkà tó ga ju èèyàn lọ wà níbẹ̀, gángan méjì péré ò lè bá ìyẹn figa gbága. Ohun tí DJ ò lè ṣe fún un ni kó kì í, kó pe bàbá ẹ̀ tó ti lọ, kó pe ìlú tí wọ́n ti wá, kí gbogbo tábìlì yíjú wò ó pé háà, ọmọ ẹni báyìí nìyí. Ìyẹn lowó ń tẹ̀lé. Àmọ́ gángan ò lẹ́nu o, ohùn nìkan ló ní, òkè, àárín àti ìsàlẹ̀, ohùn kan náà lè jẹ́ ọ̀rọ̀ mẹ́wàá. Àwọn tó dàgbà n'Íbàdàn rántí ìlù tí rédíò máa ń lù láyé ọjọ́sí, ilé iṣẹ́ rédíò ní orúkọ àwọn lédè òyìnbó ni ìlù yẹn ń pè, àwọn ará ìgboro ní rárá o, "B'Ólúbàdàn bá kú, ta ni yóò joyè" ló ń wí. Ìlù kan náà. Torí náà tó o bá fi gángan kì mí tí mi ò mọ ọ̀rọ̀ tó wà nídìí ẹ̀, mo lè gbádùn ẹ̀, mo lè máa mi orí, àmọ́ mi ò ní mọ̀ pé èmi lò ń bá wí. Àwọn ọ̀dọ́ ìsinsìnyí tí wọn ò gbọ́ ìlù mọ́ rárá pọ̀ gan-an, ó sì ń dùn mí wọra. Ohun táwa wá ń ṣe ni pé ẹnì kan á máa fi ẹnu gbé e, ìlù á sọ ọ́, ẹnu á tún un sọ. Ẹ̀yin méjèèjì, gángan lẹ gbé kọ́ apá, ta ló wá ń fi ẹnu gbé e?

Jẹ́ kí n sọ bí ọ̀gá mi ṣe máa ń ṣe é. Tá a bá dé iwájú hóòlù, kò ní kan ìlù rárá fún bí ìṣẹ́jú ogún. Á kọ́kọ́ ka báńnà tí wọ́n gbé kọ́ sẹ́nu ọ̀nà, orúkọ olóde, orúkọ àwọn ọmọ òkú tó bá jẹ́ ìsìnkú ni. Á wo aṣọ ẹbí, àwọ̀ wo ni ti ìdílé, àwọ̀ wo ni ti ọ̀rẹ́. Á lọ kí ìyá tó ń ta omi, á lọ kí àwọn onífọ́tò torí pé àwọn onífọ́tò mọ gbogbo ẹni tó máa ń jáde láàárín ìlú, lẹ́yìn náà ló máa wá lọ dúró síbi tí wọ́n ń páàkì mọ́tò, kó máa bá àwọn dírẹ́bà ṣeré. Ọjọ́ kan wà tí mi ò lè gbàgbé, jíìpù dúdú kan wọlé, kó tó dúró dáadáa ọ̀gá ti bi dírẹ́bà mọ́tò tó ṣáájú ẹ̀ pé ta nìyẹn, wọ́n ní bàbá náà ọmọ Ọ̀fà ni. Bàbá ṣílẹ̀kùn, ó gbé ẹsẹ̀ kan kalẹ̀, ẹsẹ̀ kejì ṣì wà nínú mọ́tò, ọ̀gá bá rọra lù ú, "Ọ̀fà Mọ̀jọ̀, ọmọ Ọlálọ̀mí," èmi fẹnu gbé e, ó tún lù ú, "ìjàkadì lorò Ọ̀fà," mo tún gbé e. Bàbá yẹn ò gbé ẹsẹ̀ kejì sílẹ̀. Ó di ilẹ̀kùn mọ́tò mú, ó dúró bẹ́ẹ̀, ẹnu ẹ̀ là sílẹ̀ díẹ̀ bí ẹni tí wọ́n pè láti ọ̀nà jíjìn, ó ṣe díẹ̀ kó tó rẹ́rìn-ín. Kò tíì wọ hóòlù tó fi náwó fún wa, ó sì ní ká máa tẹ̀ lé òun bọ̀, sìkiọ́rítì tó ti lé wa kúrò lẹ́nu géètì láàárọ̀ náà ló ṣínà fún wa. Gbólóhùn méjì péré la lù o.

Pé wọn ò bí ẹ sílé onílù ò dí ẹ lọ́wọ́, àmọ́ ìṣòro kan wà níbẹ̀ tí mi ò ní fi pa mọ́ fún ẹ. Ọmọ ilé Àyàn, àwọn tó ń jẹ́ Àyànwálé, Àyándélé, Àyántúndé, àtikékeré ni oríkì ti ń kún etí wọn, kí wọ́n tó lè gbé ìyá ìlù wọ́n ti mọ oríkì ìlú bíi mẹ́wàá. Lamidi Àyánkúnlé àti Rábíù Àyándòkun tí wọ́n gbé dùndún láti Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun dé ilẹ̀ Yúróòpù, inú agbo ilé ni wọ́n ti bá a. Ìwọ ní láti lọ wá a kiri ni. Ra ìwé kan, kó o máa kọ ọ́ síbẹ̀. Àwọn ìyá àgbà nínú ilé ló mọ oríkì jù, ju ọ̀pọ̀ onílù lọ pàápàá, ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò lọ kí wọn, jókòó, gbọ́, fóònù ẹ wà lọ́wọ́ ẹ, gbà á sílẹ̀. Bẹ̀rẹ̀ látorí àwọn tó o máa ń bá pàdé lóde jù, Ìbàdàn, Ọ̀yọ́, Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀bú, Ìjẹ̀ṣà, Ọ̀fà, Òwu, Ìkòyí. Kódà ọ̀dọ̀ bàbá ẹ ni mo fẹ́ kó o ti bẹ̀rẹ̀, bi í léèrè oríkì ilé yín, kọ́ ọ, kó o lù ú fún un nínú pálọ̀ ẹ̀ lọ́jọ́ kan tí inú ẹ̀ dùn. Kó o sì ṣọ́ra, torí oríkì ní ibi tí wọ́n ń lù ú àti ibi tí wọn kì í lù ú. "Ìbàdàn mèsì Ọ̀gọ̀, nílé Olúyọ̀lé" dáa níbi gbogbo, àmọ́ èyí tó ní olè ń jàre olóhun yẹn, ọmọ Ìbàdàn á rẹ́rìn-ín sí i láàárín ara wọn, má lọ lù ú níwájú àna ẹ̀. Èmi náà ti ṣe àṣìṣe. Mo wo fìlà ọkùnrin kan, mo gbọ́ bó ṣe ń sọ̀rọ̀, mo dá ara mi lójú pé Ẹ̀gbá ni, mo lu "ọmọ Lísàbí" fún un, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde ni. Kò bínú, ó kàn yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, gbogbo tábìlì náà bá kó ọwọ́ wọn kúrò nílẹ̀. Torí bí wọ́n ṣe ń náwó nìyẹn, ẹni àkọ́kọ́ ló máa ń ṣílẹ̀kùn fún àwọn yòókù, tí ẹni àkọ́kọ́ bá kọ̀, kó o máa lọ sí tábìlì mìíràn ni.

Ọ̀rọ̀ bàbá ẹ wá. Má bínú sí i. Tó bá ní agbe ni, ohun tó rí ló sọ, torí àwọn kan ń fi ìlù ṣagbe lóòótọ́. Wọ́n á dúró ti ẹni tó ń jẹun, wọn ò ní kúrò, wọ́n á máa lù ú mọ́ ọn létí títí ojú á fi tì í tó máa fún wọn ní ₦200 kí wọ́n lè fi í lọ́rùn sílẹ̀. Owó ìtìjú nìyẹn, ẹni tó bá fún ẹ lówó ìtìjú ò ní fẹ́ rí ẹ mọ́, débi táá gba nọ́ńbà ẹ. Iṣẹ́ onílù ò rí bẹ́ẹ̀ látilẹ̀. Láàfin, onílù ló ń fi ìlù jí ọba, òun ló ń fi ìlù sọ fún ọba pé lágbájá ń bọ̀ kí lágbájá tó wọlé, iṣẹ́ ńlá ni, wọ́n sì ń tọ́jú wọn nídìí ẹ̀. Ohun tó ń pààlà láàárín méjèèjì kò ju ìwà lọ. Èmi, gbólóhùn mẹ́ta ni mò ń lù fún ẹnì kan, tí kò bá ti wojú mi, màá lu "ẹ kú ìnáwó" fún un, màá kọjá lọ. Ẹni tó ń jẹun, mi ò ní dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Opó tó jókòó jẹ́ẹ́ níbi ìsìnkú ọkọ ẹ̀, mi ò ní lọ bá a, àyàfi tó bá fúnra ẹ̀ dìde jó. Tí tọkọtaya bá jókòó pọ̀, ìyàwó ni mo máa ń kì, ojú ọkọ ni mo máa ń wò. Àwọn nǹkan wọ̀nyí ni kò jẹ́ kí wọ́n pè mí ní alágbe láti bí ọdún mélòó kan wá.

Ètò iṣẹ́ yín náà ò dáa. Gángan méjì tó ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ńṣe ni wọ́n ń já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ara wọn. Kí ẹnì kan gbé gángan, kí ẹnì kejì gbé gúdúgúdú tàbí omele tó máa gbè é lẹ́sẹ̀, kẹ́ ẹ wá ẹnì kẹta tó lóhùn, òun láá máa kì, òun náà láá máa ṣa owó. Tí kò bá sí ẹni tó ń ṣa owó, àwọn ọmọdé tó ń sá kiri nídìí tábìlì á bá yín ṣa á, kò sì sí bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ mọ̀. Tá a bá délé, àwa máa ń yọ owó mọ́tò àti oúnjẹ kúrò, lẹ́yìn náà a máa yọ ìpín kan fún ìlù, bí ẹni pé ìlù náà jẹ́ èèyàn, torí awọ máa ń ya nígbà ọyẹ́, òjò máa ń jẹ́ kó dẹ̀ títí kò fi ní dún, ọsán máa ń já, saworo máa ń bọ́. Ìyókù la máa pín, ẹni tó ṣáájú á gba ìpín kan àtààbọ̀. Ẹ fẹnu kò sórí ẹ̀ kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, torí lójú owó ni ọ̀rẹ́ ti ń túká. Àmọ́ èyí tí mo fẹ́ kó wọ̀ ẹ́ lọ́kàn jù ni pé owó ojú agbo kọ́ lowó tó tọ́ ọmọ mi. Owó àdéhùn ni. Ẹni tó náwó fún ẹ lónìí, tó o bá kì í dáadáa, òun láá pè ẹ́ lóṣù mẹ́ta sí i pé bàbá òun ń ṣe ọgọ́rin ọdún, ó máa sanwó ẹ ṣáájú, á fún ẹ lóúnjẹ, wàá sì tún gba ti ojú agbo mọ́ ọn. Àwọn alága ìdúró àti alága ìjókòó nìkan pàápàá, tó o bá mọ méjì nínú wọn, tó o mọ orin tí wọ́n máa ń dá níbi ìdána, tó o mọ ìgbà tó yẹ kí ìlù ẹ gbè é àti ìgbà tó yẹ kó o dákẹ́, Sátidé ẹ ò ní ṣófo. Gba ìdajì owó sílẹ̀ kó o tó lọ o, mo ti lu ìlù ìsìnkú kan láti àárọ̀ dalẹ́ rí tí àwọn ọmọ olóde ń tì mí síra wọn títí dòní.

Ti gosùlóò Èkó yìí, mi ò fara mọ́ ọn rárá. Ìwọ rò ó wò, ẹni tó wà nínú mọ́tò ti gbé gíláàsì sókè, AC ń ṣiṣẹ́, dánfó ń fọn fèrè, jẹnẹrétọ̀ ń pariwo, ohùn gángan wo ló máa dé etí ẹ̀? Ká tiẹ̀ ní ó dé ibẹ̀, o ò mọ̀ ọ́n, o ò mọ ilé ẹ̀, mọ́tò á sì ti sún. Kò sí oríkì nínú ìyẹn, ariwo ló kù, ìyẹn gan-an wá ni agbe tí bàbá ẹ ń sọ. Láfikún, láti 2003 ni Èkó ti ní òfin tó lòdì sí ọjà títà lójú pópó, àwọn agbófinró tó bá ń kó èèyàn lójú títì ò ní dúró gbọ́ àlàyé ẹ pé ìlù lo gbé dání. Mo mọ̀ pé ẹ ti ń wo fídíò àwọn tó ń lu ìlù ní London. Tiwọn yàtọ̀. Níbi rélùwéè abẹ́ ilẹ̀ wọn, láti 2003 ni wọ́n ti ṣètò ẹ̀, ẹni tó fẹ́ ṣeré á gba ìyọ̀ǹda, wọ́n ní ibi tí wọ́n sàmì sí tó gbọ́dọ̀ dúró sí, ẹni tó ń kọjá á ju owó sílẹ̀ tàbí kó fi káàdì kan ẹ̀rọ, kò mọ onílù, onílù ò mọ̀ ọ́n, orin tó dùn létí lòun ń sanwó fún. Tiwa níbí, ẹni tó o mọ̀ ló ń sanwó. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lu ìlù níta gbangba, ẹ lọ síbi tí èèyàn ti múra láti gbọ́ orúkọ ara ẹ̀. Ọjúde Ọba n'Íjẹ̀bú-Òde, ọjọ́ kẹta Iléyá, gbogbo rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ọjọ́ orí kan náà, ló ń jáde nínú aṣọ wọn, àwọn ìdílé balógun ń gun ẹṣin, onílù tó mọ orúkọ ìdílé wọn ò ní rìn jìnnà. Ọ̀ṣun Òṣogbo lóṣù August náà wà níbẹ̀.

Ti ìjọba ńkọ́? Òfin wà lóòótọ́. Abala 21 nínú òfin báńkì àpapọ̀, CBN, ti 2007, ní ẹni tó bá ń fọ́n náírà lóde, tó jó lórí ẹ̀ tàbí tó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, á lọ sẹ́wọ̀n tí kò ní dín ní oṣù mẹ́fà, tàbí kó san owó ìtanràn tí kò ní dín ní ₦50,000, tàbí méjèèjì. Ó ti pẹ́ tó ti wà nílẹ̀, àmọ́ ní April 2024 tí ilé ẹjọ́ kan l'Ékòó rán Bobrisky, gbajúmọ̀ orí íńtánẹ́ẹ̀tì yẹn, lẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà láìsí ìtanràn ni ẹ̀rù tó ba gbogbo òde. Èmi kì í ṣe lọ́yà, tó o bá fẹ́ mọ̀ dájú lọ bá lọ́yà, àmọ́ ohun témi ń tẹ̀ lé nìyí: má ṣe jẹ́ kí owó wà nílẹ̀ kẹ́ ẹ máa jó lórí ẹ̀, torí ẹsẹ̀ tìẹ náà ló ń tẹ̀ ẹ́ yẹn. Má sì bá àwọn tó ń ta owó tuntun lẹ́yìn hóòlù ṣe, òfin yẹn kan náà dárúkọ wọn. Gbé apẹ̀rẹ̀ tàbí báàgì kékeré kan dání, kó wọnú ẹ̀ tààrà. Àwọn kan ti ń fi sínú àpò ìwé fún wa báyìí, ó dáa bẹ́ẹ̀.

Trànsífà náà wà, ibẹ̀ ni ìyà ti kọ́ wa lọ́gbọ́n. Owó tuntun tó jáde ní December 2022 yẹn, nígbà tó fi di February 2023 kò sí kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, àwọn èèyàn ń ṣe òde síbẹ̀, wọ́n ń jó, a máa kì wọ́n wọ́n á máa sunkún ayọ̀, wọ́n á na ọwọ́ méjèèjì sí wa pé kò sówó. March 3 ni ilé ẹjọ́ tó ga jù tó ní kí wọ́n ṣì máa ná ti àtijọ́ lọ. Kó tó dìgbà yẹn a ti kọ nọ́ńbà akáǹtì sórí páálí, a so ó mọ́ okùn ìlù. Ó ṣiṣẹ́, àmọ́ mo rí i pé ẹni tó bá ti fi trànsífà ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan ò ní tún ṣe é mọ́, nígbà tó jẹ́ pé ẹni tó ń fi owó bébà náwó á dìde lẹ́ẹ̀mẹ́fà, torí gbogbo ojú ló ń wò ó, ọ̀rẹ́ ẹ̀ náà ò sì ní fẹ́ kẹ́yìn. Trànsífà ò ní ojú. Ohun tá a wá ń ṣe ni pé tó bá ti wọlé, ìlù á kéde ẹ̀, ẹni tó ń kì á pariwo orúkọ ẹ̀ kí gbogbo tábìlì lè gbọ́, owó kejì máa ń tibẹ̀ wá. Wo akáǹtì ẹ fúnra ẹ kó o tó kéde o, aláàtì ayédèrú pọ̀ lóde.

Mi ò lè ṣèlérí fún ẹ pé wàá fi èyí nìkan bọ́ ìyàwó àti ọmọ. January máa ń gbẹ, Ramadan máa ń gbẹ, àfi ẹni tó bá ń jí èèyàn sí sààrì ló ń rí nǹkan díẹ̀ nínú ẹ̀, ìgbà òjò náà ń dá òde dúró. Nígbà tí wọ́n ti ìlú pa ní 2020, oṣù gbọọrọ ni mi ò fi kan ìlù fún ẹnikẹ́ni, ìlù títún ṣe àti awọ títà ni mo fi jẹun, torí náà má fi iṣẹ́ ọwọ́ tó o bá ní sílẹ̀. Àmọ́ tó o bá fẹ́ràn ẹ̀ bí mo ṣe rí i pé o fẹ́ràn ẹ̀, Sátidé tó ń bọ̀, fi gángan kan sílé. Ẹ tètè dé ibẹ̀ kí àlejò tó dé, ẹ má kan ìlù, ẹ ka báńnà, ẹ kí ìyá olómi, kí ẹnì kan nínú yín lọ dúró ti àwọn dírẹ́bà. Tẹ́ ẹ bá ti mọ orúkọ ìdílé mẹ́ta péré, ẹ bẹ̀rẹ̀. Kọ̀wé sí mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn, kó o sọ orúkọ tẹ́ ẹ lù àti bí ojú ẹni náà ṣe rí, màá sọ èyí tó kù fún ẹ.